Bí ẹ ṣe lè fi ẹnà àti gíráàfù di ọ̀rọ̀ àṣírí, pẹ̀lú bírò àti bébà lásán

Ẹ jẹ́ kí n tètè ro ẹjọ́ mi kí n tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi gíráàfù, ìyẹn àwòrán ibùdó tí ọ̀nà so pọ̀, di ọ̀rọ̀ àṣírí, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ya àwòrán fún yín, ìlà lọ ìlà bọ̀, nọ́ńbà á kún orí bébà bámúbámú, tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rí i ẹ̀rù á bà yín, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wo inú ẹ̀ dáadáa kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan níbẹ̀, ìyẹn ohun àṣírí tí ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó máa gbà á nìkan mọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti mọ bí wọ́n ṣe yà á ló máa tú u. Ó dà bí ìgbà téèyàn fi ọ̀dà ya àgádágodo sára ilẹ̀kùn tó wá lọ sùn. Èyí tí mo fẹ́ ṣe níbí, a máa kọ́kọ́ fi ẹnà àtijọ́ di ọ̀rọ̀ náà, a máa wá kó o sínú gíráàfù, a sì máa rí i dájú pé ọ̀nà tí wọ́n máa gbà rìn nínú gíráàfù yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́, kò ní jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lásán.

Ẹ máa nílò bírò, bébà, àti bébà kéékèèké 25 tẹ́ ẹ gé tẹ́ ẹ kọ 0 dé 24 sí lára, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí tiẹ̀, ẹ kó wọn sínú ọ̀rá kan tójú ò lè wọ̀. Ẹ ó rí iṣẹ́ wọn tó bá yá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin àti ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ kọ̀wé sí gbọ́dọ̀ ti pàdé lójúkojú kẹ́ ẹ ti fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan àti gbólóhùn kan. Ọ̀rọ̀ kan yẹn fún ẹnà, gbólóhùn yẹn fún gíráàfù. Ẹ má fi ránṣẹ́ lórí fóònù o.

Ẹ sọ lẹ́tà di nọ́ńbà

Ábídí Yorùbá jẹ́ lẹ́tà 25, a sì máa kà á láti odo:

a 0, b 1, d 2, e 3, ẹ 4, f 5, g 6, gb 7, h 8, i 9, j 10, k 11, l 12, m 13, n 14, o 15, ọ 16, p 17, r 18, s 19, ṣ 20, t 21, u 22, w 23, y 24

Gb lẹ́tà kan ṣoṣo ni o, kì í ṣe méjì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ló ti máa kọ́kọ́ dà yín láàmú, torí kọ̀ǹpútà rí g àti b tó tẹ̀ lé ara wọn, kò mọ̀ pé ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Mo tiẹ̀ fẹ́ràn 25 yìí gan-an, ẹnà àtijọ́ kan wà tí wọ́n máa ń ya àpótí márùn-ún lọ́nà márùn-ún fún, àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é máa ń há I àti J mọ́ inú àpótí kan torí lẹ́tà tiwọn 26, àmọ́ tiwa wọlé géérégé, kò ṣẹ́kù, kò dín.

Àmì ohùn ńkọ́? A máa yọ ọ́. Ibi tí mo ti fojú ara mi rí nǹkan nìyí. Nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń fi ẹnà kọ̀wé síra wa, mo kọ "má wá lọ́la" ránṣẹ́ sí i, mo yọ àmì ohùn, mo dì í dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi tú u láìṣìnà rárá, ó rí "ma wa lọla", ó kà á sí "máa wá lọ́la", àfi gbì tí mo gbọ́ kíkàn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì. Ẹnà ò ṣàṣìṣe, èmi ni mo ṣe é. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó di ohunkóhun, ẹ yọ àmì ohùn kúrò, kẹ́ ẹ wá ka ohun tó ṣẹ́kù bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà, tó bá ní ìtumọ̀ méjì ẹ wá ọ̀nà míì sọ ọ́. Ǹ bá ti kọ "duro sile lọla" kí n sì wà ní àlàáfíà.

Ọ̀rọ̀ tí a máa fi ṣe àpẹẹrẹ ni "gbé e wá lálẹ́". Lẹ́tà mẹ́sàn-án ni: gb e e w a l a l ẹ. Nọ́ńbà wọn: 7, 3, 3, 23, 0, 12, 0, 12, 4.

Òfin ìṣirò kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Tẹ́ ẹ bá ro nǹkan pọ̀ tó kọjá 24, ẹ yọ 25 kúrò. Tẹ́ ẹ bá yọ nǹkan tó lọ sí ìsàlẹ̀ odo, ẹ fi 25 kún un. Bíi aago ni, tó bá ti kọjá 12 a tún padà sí 1. Ẹni tó bá mọ aago wò, ó ti mọ ìṣirò yìí.

Ẹnà Késárì, àti ìdí tí kò fi tó

Julius Caesar, ọ̀gágun Róòmù, òpìtàn kan tó ń jẹ́ Suetonius ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó máa ń sún lẹ́tà síwájú nígbà mẹ́ta tó bá ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi bò. Ẹ fi 3 kún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wa, ẹ máa rí:

j g g b e o e o gb

Ó dà bí ẹni pé ó ti bò, àbí? Kò bò o. Àkọ́kọ́, ìsún 24 péré ló wà, ẹni tó bá jókòó ti bébà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ti gbìyànjú gbogbo ẹ̀ tán. Èkejì ló burú jù. Al-Kindi, ọ̀mọ̀wé kan tó gbé ní Baghdad ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé ọgọ́rùn-ún sẹ́yìn, ló ti ṣàlàyé pé lẹ́tà tó bá ń fara hàn jù nínú èdè, ẹ̀dà ẹ̀ náà ló máa fara hàn jù nínú ẹnà, ẹ ṣáà kà wọ́n. Ti Yorùbá wá tún rọrùn láti ká mọ́, torí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ fáwẹ́lì kì í jìnnà, kọ́ńsónáǹtì méjì kì í so pọ̀ láìsí fáwẹ́lì láàárín wọn, ọ̀rọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa parí sí fáwẹ́lì nígbà gbogbo àfi tó bá parí sí n. Nínú ọ̀rọ̀ wa lẹ́tà mẹ́sàn-án, márùn-ún ni fáwẹ́lì. Ẹ tún wo "e o e o" yẹn, ẹni tó gbọ́ Yorùbá máa fura kíákíá pé nǹkan kan ń tún ara ẹ̀ sọ níbẹ̀, bíi "lala" tàbí "alal", ó kù díẹ̀ kó mú yín.

Ẹnà tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣe kọ́kọ́rọ́

Èyí ló wọ̀ mí lójú. Dípò kí gbogbo lẹ́tà máa sún níye kan náà, ọ̀rọ̀ kan ló máa ń sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa sún. Giovan Battista Bellaso, ará Ítálì, ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1553, àmọ́ orúkọ Blaise de Vigenère, ará Faransé, ni gbogbo ayé fi ń pè é, ìyẹn ò dáa sí Bellaso rárá. Ó gbọ́dọ̀ ti tó ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí Friedrich Kasiski tó jẹ́ sọ́jà ní Prussia tó tẹ ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tú u jáde ní 1863.

Kẹ́ ẹ yan ọ̀rọ̀ tí kò ní lẹ́tà a nínú o, torí a jẹ́ odo, odo ò sún nǹkan kan, ibi tó bá bọ́ sí lẹ́tà yẹn máa wà ní ìhòòhò. Kó gùn pẹ̀lú, bó bá ṣe gùn tó ló ṣe le tó. Àmọ́ fún àpẹẹrẹ mo máa lo "ìwé", kó lè rọrùn tẹ̀ lé: i 9, w 23, e 3. Ẹ kọ ọ́ léraléra sábẹ́ ọ̀rọ̀ yín, kẹ́ ẹ ro wọ́n pọ̀:

gb 7 + 9 = 16, ọ
e 3 + 23 = 26, yọ 25, ó ku 1, b
e 3 + 3 = 6, g
w 23 + 9 = 32, yọ 25, ó ku 7, gb
a 0 + 23 = 23, w
l 12 + 3 = 15, o
a 0 + 9 = 9, i
l 12 + 23 = 35, yọ 25, ó ku 10, j
ẹ 4 + 3 = 7, gb

Ohun tó jáde: ọ b g gb w o i j gb.

Ẹ wò ó dáadáa. E méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan di b, èkejì di g. A méjèèjì di w àti i, l méjèèjì di o àti j. Gb tó wá fara hàn nígbà méjì nínú ohun tó jáde, w ni ọ̀kan, ẹ ni èkejì, irọ́ pátápátá ló ń pa fún ẹni tó bá ń kà á. Ẹni tó fẹ́ fi ọgbọ́n Al-Kindi ka iye lẹ́tà á kàn máa ka òfo ni.

Ohun kan tó ti fọ́ mi lórí rí: ẹ má kọ ọ́ pọ̀ mọ́ra. "Bggbw", kí lẹ fẹ́ pe ìyẹn, ṣé b, g, gb, w ni àbí b, g, g, b, w? Nínú Yorùbá gidi g ò lè wà níwájú b láìjẹ́ pé gb ni, nínú ẹnà ó lè ṣẹlẹ̀ nígbàkúùgbà. Ẹ fi àyè sáàárín, tàbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ bíi nọ́ńbà: 16, 1, 6, 7, 23, 15, 9, 10, 7. Fún gíráàfù, nọ́ńbà yẹn gan-an la fẹ́.

Gíráàfù dé

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà yín lẹ́rù, kì í ṣe gíráàfù tí wọ́n fi ń ya ìlà lọ sókè lọ sísàlẹ̀ níléèwé. Ibùdó àti ọ̀nà ni, ó tán. Ní 1736 Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò kan, ń ro ọ̀rọ̀ ìlú Königsberg, tó ti di Kaliningrad ní Rọ́ṣíà báyìí, ìlú tó ní afárá méje, àwọn èèyàn fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn lè gba orí gbogbo afárá yẹn kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láìgba ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kò ṣeé ṣe. Bó ṣe ṣe é ló dùn mọ́ mi: ó gbàgbé bí odò ṣe fẹ̀ tó, ó gbàgbé bí afárá ṣe gùn tó, ó mú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ibùdó, ó mú afárá kọ̀ọ̀kan bí ọ̀nà, gbogbo yòókù ó dà á nù. Àwa náà máa fi kún un díẹ̀, a máa kọ nọ́ńbà sórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan.

Bí a ṣe máa kó ọ̀rọ̀ wọ inú ẹ̀ nìyí. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan máa gba ibùdó kan, a máa fi ibùdó kan kún un tó jẹ́ ibi ìbẹ̀rẹ̀, èmi máa ń pè é ní ibùdó 0. Lẹ́tà wa mẹ́sàn-án, nítorí náà ibùdó jẹ́ mẹ́wàá. Nọ́ńbà tó wà lórí ọ̀nà tó so ibùdó kan mọ́ èkejì ni iye tẹ́ ẹ máa fi kún ti àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ tó dé èkejì. A ò kọ lẹ́tà sórí ibùdó rárá, ìyàtọ̀ àárín wọn nìkan la ń kọ. Láti odo dé 16, ó jẹ́ 16. Láti 16 dé 1, ó dín 15, fi 25 kún un, ó jẹ́ 10. Láti 1 dé 6, 5. Láti 6 dé 7, 1. Láti 7 dé 23, 16. Láti 23 dé 15, ó dín 8, ó di 17. Láti 15 dé 9, 19. Láti 9 dé 10, 1. Láti 10 dé 7, 22.

Ọ̀nà mẹ́sàn-án nìyẹn: 16, 10, 5, 1, 16, 17, 19, 1, 22.

Ibi tí àwọn tí mo ń sọ lẹ́ẹ̀kan ti ń ṣì í ṣe ló kàn yìí. Wọ́n á so gbogbo ibùdó mọ́ra wọn pátá, gbogbo ẹ̀ á jẹ́ ọ̀nà 45 fún ibùdó mẹ́wàá, ìyẹn dáa, àmọ́ orí àwọn ọ̀nà ẹ̀tàn 36 yẹn wọ́n á kọ nọ́ńbà ńláńlá sí i, bíi 40, bíi 77, bíi 93. Wọ́n á wá ní kí ẹni tó gbà á lo ọgbọ́n tí Joseph Kruskal, onímọ̀ ìṣirò kan, gbé jáde ní 1956: ẹ máa mú ọ̀nà tí nọ́ńbà ẹ̀ kéré jù, tó bá máa yí padà wá bá ara ẹ̀ ẹ fò ó, títí gbogbo ibùdó fi so pọ̀. Ọ̀nà gidi á sì jáde lóòótọ́. Ọgbọ́n tó dáa ni ní àyè tiẹ̀, wọ́n ń fi í wá bí wáyà á ṣe dé ibi púpọ̀ láìná owó jù, àmọ́ ẹ gbọ́ ná, ṣé ẹ rò pé ọ̀tá ò mọ Kruskal ni? Kò tiẹ̀ nílò Kruskal, kó ṣáà fojú wá nọ́ńbà tí kò tó 25, ó tán! Auguste Kerckhoffs, onímọ̀ ẹnà kan, ti sọ ọ́ ní 1883 pé kẹ́ ẹ máa ṣe bíi pé ọ̀tá ti mọ gbogbo bí ẹnà yín ṣe ń ṣiṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ nìkan ni kó má tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Nínú èyí kọ́kọ́rọ́ ò sí.

Àtúnṣe ẹ̀ kò le. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà orí ọ̀nà ẹ̀tàn náà wà láàárín 0 sí 24, kí ojú má lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ wá fi gbólóhùn tẹ́ ẹ jọ mọ̀ yan ibùdó tí wọ́n máa tẹ̀ lé.

Gbólóhùn tó di ìrìn

Gbólóhùn náà gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà tó tó iye lẹ́tà ọ̀rọ̀ yín. Tó bá gùn jù, ẹ gé e síbi tó bá yẹ, kẹ́ ẹ ti jọ sọ ọ́. Tèmi ni "ẹsẹ̀ ń dùn mí": ẹ s ẹ n d u n m i, mẹ́sàn-án. Ẹ wá tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra nínú ábídí. D ló ṣáájú, ó gba 1. Ẹ àkọ́kọ́ gba 2, ẹ kejì gba 3 (tí lẹ́tà bá jọra, èyí tó wà lápá òsì ló kọ́kọ́ gbà). I gba 4, m gba 5, n méjèèjì gba 6 àti 7, s gba 8, u gba 9. Ẹ kọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn sábẹ́ gbólóhùn bó ṣe wà:

ẹ 2, s 8, ẹ 3, n 6, d 1, u 9, n 7, m 5, i 4

Ìrìn wa nìyẹn: láti ibùdó 0 lọ sí 2, sí 8, sí 3, sí 6, sí 1, sí 9, sí 7, sí 5, sí 4. Ibùdó kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ kọ nọ́ńbà ọ̀nà gidi mẹ́sàn-án yẹn sórí ìrìn yìí ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé: ọ̀nà 0 sí 2 jẹ́ 16, 2 sí 8 jẹ́ 10, 8 sí 3 jẹ́ 5, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 5 sí 4 tó jẹ́ 22.

Àwọn 36 tó kù ńkọ́? Ẹ ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá, ẹ mú bébà kan, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀, ẹ dá a padà, ẹ mi ọ̀rá, ẹ mú òmíì. Ẹ má gbàgbé láti dá a padà. Ẹ má sì ṣe wá nọ́ńbà látinú orí ara yín, ẹ jọ̀ọ́, mo ti gbìyànjú ẹ̀, ìgbà tí mo wo ohun tí mo kọ, mo rí i pé mi ò kọ odo rárá, 7 àti 13 ló kún ibẹ̀, orí èèyàn ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láìní ìlànà.

Àtẹ tó jáde nìyí. Ìlà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ibùdó kan, àwọn nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni ti ọ̀nà láti ibẹ̀ lọ sí ibùdó tó tẹ̀ lé e, èyí tó tún tẹ̀ lé e, títí dé 9:

0: 8, 16, 21, 3, 11, 0, 19, 14, 5
1: 24, 7, 13, 2, 16, 20, 9, 17
2: 6, 18, 23, 1, 12, 10, 4
3: 15, 22, 1, 8, 5, 20
4: 22, 9, 17, 3, 11
5: 14, 1, 19, 7
6: 2, 24, 13
7: 21, 19
8: 6

Ohun tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ nìyẹn, nọ́ńbà 45, kò sí lẹ́tà kankan lára ẹ̀. Ẹ ò tiẹ̀ nílò láti ya àwòrán.

Ẹni tó gbà á máa ṣe báyìí

Ó máa kọ gbólóhùn "ẹsẹ̀ ń dùn mí" sílẹ̀, ó máa tò ó bí a ṣe tò ó, á rí ìrìn náà. Á wá lọ sínú àtẹ. 0 sí 2: ìlà 0, nọ́ńbà kejì, 16. 2 sí 8: ìlà 2, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni 3, nítorí náà 8 ni ìkẹfà, 10. 8 sí 3: ìlà tí nọ́ńbà ibùdó ẹ̀ kéré la máa ń wò, ìyẹn ìlà 3, nọ́ńbà karùn-ún, 5. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, wọ́n á máa wá 3 ní ìlà 8, kò sí níbẹ̀.

Á máa ro wọ́n pọ̀ bó ṣe ń lọ: 16. 16 àti 10 jẹ́ 26, ó ku 1. 1 àti 5, 6. 6 àti 1, 7. 7 àti 16, 23. 23 àti 17 jẹ́ 40, ó ku 15. 15 àti 19 jẹ́ 34, ó ku 9. 9 àti 1, 10. 10 àti 22 jẹ́ 32, ó ku 7. Ẹnà wa ti padà. Ó ku kó yọ "ìwé" kúrò lára ẹ̀: 16 yọ 9 ku 7, gb. 1 yọ 23 jẹ́ 22 sí ìsàlẹ̀ odo, fi 25 kún un, 3, e. 6 yọ 3 ku 3, e. Ẹ ti mọ ibi tó ń lọ.

Tó bá ṣe àṣìṣe nínú ìrò ní àárín, gbogbo lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ló máa bàjẹ́, torí ìrò kọ̀ọ̀kan dúró lórí èyí tó ṣáájú ẹ̀. Ìdáa ẹ̀ ni pé ẹ máa tètè mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa lọ geere, á sì kàn dédé di ràdàràdà.

Ohun tó lè tú yín fó

Èyí tó léwu jù, mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ má ṣe lo nọ́ńbà ẹ̀tàn kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó máa ń wu èèyàn, torí mímú bébà 36 nínú ọ̀rá ń sú ni, ẹ máa ní àtẹ àná wà nílẹ̀, kí n kàn pààrọ̀ mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá gbé àtẹ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn máa rí i pé nọ́ńbà 36 ò yí padà, àwọn tó yí padà ló wà lórí ọ̀nà gidi, ìrìn yín ti hàn sí gbangba nìyẹn láìsí ìṣirò kankan. Ọ̀rá tuntun fún ọ̀rọ̀ tuntun, kò sí ọgbọ́n kan tó máa fò ìyẹn.

Ó tún ní ìnira tiẹ̀. Lẹ́tà 9 di nọ́ńbà 45. Lẹ́tà 20 á gba ibùdó 21, nọ́ńbà 210. Lẹ́tà 100 á gba 5,050, ẹ fẹ́ kú sídìí ẹ̀ ni. Tí ọ̀rọ̀ bá gùn ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, lẹ́tà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ jọ sọ gbólóhùn tí wọ́n máa lò fún ègé kọ̀ọ̀kan, kó má jẹ́ ọ̀kan náà.

Báwo ló ṣe le tó? Fún ibùdó mẹ́wàá, tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti 0 tẹ́ ẹ sì gba mẹ́sàn-án yòókù kọjá, ìrìn tó ṣeé rìn jẹ́ 362,880. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ lẹ́tà mẹ́ta lè jẹ́ 15,625. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ó jẹ́ 5,670,000,000. Lójú ẹni tó mú bírò dání, òkè ńlá ni. Lójú kọ̀ǹpútà, kò tó nǹkan tí wọ́n ń fi ṣe ariwo, ohun tó máa dí i lọ́wọ́ díẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́sàn-án kúrú débi pé kọ́kọ́rọ́ tí kì í ṣe tiyín náà á máa mú ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ jáde, kò ní mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi kọ́kọ́rọ́ kan náà kọ ọ̀rọ̀ àṣírí méjì mẹ́ta, ààbò yẹn ti lọ, torí kọ́kọ́rọ́ tó bá máa mú gbogbo wọn dọ́gbọ́n sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò pọ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ báńkì tàbí ọ̀rọ̀ ìlera yín ni, ẹ jẹ́ kí áàpù tó ń lo AES, ìyẹn ẹnà kọ̀ǹpútà tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2001, bá yín ṣe é. Èyí tí mo kọ́ yín wà fún eré, fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìṣirò, fún ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ará ilé tó máa ń yọjú wo bébà oníbèébà.

Ẹ gbìyànjú èyí. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni "ẹ̀rọ", gbólóhùn ni "òjò ti dá", ibùdó mẹ́jọ, láti 0 dé 7:

0: 6, 22, 13, 1, 19, 10, 24
1: 9, 17, 5, 0, 21, 12
2: 8, 14, 23, 2, 16
3: 20, 7, 15, 18
4: 20, 11, 3
5: 4, 22
6: 3

Tẹ́ ẹ bá tú u tó jáde dáadáa, ohun tó wà nínú ẹ̀ gan-an lẹ máa fẹ́ sọ fún mi.